Bí a ṣe ń pín ogún Mùsùlùmí ní Òṣogbo, láti ọjọ́ ìsìnkú títí kálukú yóò fi gba tirẹ̀

Ìjà ogún tí mo ti bá wọn jókòó sí ní Òṣogbo yìí kò kéré, mi ò sì tíì rí èyí tí ìṣirò dá sílẹ̀. Ààfáà tó mọ ìpín ogún kò wọ́n nílùú Òròkí. Ohun tó ń da ilé rú ni pé òfin mẹ́ta ló wà nílẹ̀, àṣà Yorùbá, òfin Ìsìláàmù àti òfin ìjọba, kálukú sì ń mú èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin nínú ilé, á ní ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ, ni kí á fi pín ilé, torí òun nìkan ni ìyá òun bí. Tó bá wá kan owó báńkì, á ní kí á ṣí Kùránì, kí ọkùnrin kan gba ti obìnrin méjì. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí wà fún ẹbí tó bá ti pinnu pé ti Ìsìláàmù làwọn fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ọ̀nà Ímáàmù Málíkì, tí àwọn ààfáà ilẹ̀ wa ń tọ̀, ni mo tẹ̀lé. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò, ìdí ni yóò padà sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: owó ìsìnkú yàtọ̀ sí owó fìdáù

Ohun tí a kọ́kọ́ ń yọ nínú dúkìá òkú ni owó tí a fi sin ín: aṣọ tí a fi dì í, owó àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, owó ọkọ̀ tó gbé e dé itẹ́. Ó parí síbẹ̀. Màlúù ọjọ́ kẹjọ, kánópì, ìrẹsì, léèsì tí àwọn ọmọ olóògbé wọ̀, owó tí wọ́n fún àwọn ààfáà tó wá ṣe àdúà, àpò ẹni tó fẹ́ ṣe é ni gbogbo ìyẹn ti ń jáde. Bí àwọn ajogún tó ti dàgbà bá fẹnu kò pé inú ogún ni kí àwọn ti yọ ọ́, inú ìpín tiwọn nìkan ni. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Súrà An-Nisá, áyà 10, sọ pé àwọn tó ń fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn, iná ni wọ́n ń jẹ sínú ikùn ara wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi owó ilé ìwé ọmọ pa màlúù méjì, tí àwọn àlejò sì ń yin ẹbí náà pé wọ́n ṣe dáadáa.

Opó náà ń kọ́? Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi jókòó nínú ilé ọkọ rẹ̀ (Súrà Al-Bákárà, áyà 234). Bó bá lóyún, ọjọ́ tó bá bímọ ni ìjókòó náà pin. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí àkókò yẹn tó pé. Ẹ̀yin àbúrò olóògbé, opó kì í ṣe ara ogún: áyà 19 nínú Súrà An-Nisá ti kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá jogún obìnrin. Bó bá wù ú láti fẹ́ ẹnìkan nínú yín lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀, yìgì tuntun àti sàdáàkì tuntun ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan òfin kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ọ̀nà méjì ni àṣà fi ń pín ogún. Ìdí-igi ni pé kí a ka iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, kí ìdí kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà, ì báà jẹ́ ọmọ kan ló wà ní ìdí kan, kí mẹ́fà wà ní ìkejì. Orí-ò-jorí ni pé kí a ka orí àwọn ọmọ, kí olúkúlùkù gba iye kan náà. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1962, ló fi ẹsẹ̀ ìdí-igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá. Orí-ò-jorí wà níbẹ̀ fún olórí ẹbí láti fi pa iná ìjà. Nínú méjèèjì, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀, bí ọmọ bá sì wà, ìyá olóògbé kì í rí nǹkan kan gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa lò títí dé òpin. Bàbá kan kú ní Òkè-Báálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, bàbá rẹ̀ ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ méjì: ìyálé bí ọkùnrin kan, obìnrin kan, ìyàwó kékeré bí ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Lẹ́yìn ìsìnkú àti gbèsè, ohun tó kù jẹ́ ₦19,200,000.

Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ₦9,600,000. Ọmọ ìyálé méjèèjì á gba ₦4,800,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kù á gba ₦3,200,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà, òfo. Àwọn opó, òfo. Bí a bá pín in ní ti Ìsìláàmù, ìyá àgbà á gba ₦3,200,000, opó kọ̀ọ̀kan ₦1,200,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ₦3,400,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ₦1,700,000.

Mi ò ní í tan yín jẹ. Ọmọbìnrin ìyálé pàdánù nínú èyí: ₦4,800,000 di ₦1,700,000. Ìyá tó bí i ló jèrè, ìyá bàbá rẹ̀ náà sì jèrè. Ọmọkùnrin ìyálé pàdánù pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí irú wọn fi máa ń rántí àṣà tó bá di ọ̀rọ̀ ilé. Èyí tó burú ni kí ènìyàn fi ìdí-igi gba ilé, kí ó tún fi Kùránì gba owó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye tó máa kàn án, ẹ kọ ìwé bí irú èyí:

«Àwa tí a buwọ́ lùwé yìí ni ajogún olóògbé … tó kú ní ọjọ́ …. A fẹnu kò pé gbogbo dúkìá rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ilé, ilẹ̀, owó, ọkọ̀ àti ọjà, ni a ó pín ní ìlànà Ìsìláàmù. Kò sí ẹni tó fipá mú wa. Ẹni tí a yàn láti ṣe ìṣirò ni ….»

Gbogbo ajogún tó ti dàgbà ni yóò buwọ́ lù ú, títí kan àwọn opó àti ìyá àgbà. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á sí i létí ní Yorùbá. Ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ajogún á fọwọ́ sí i. Ìwé yìí ṣe pàtàkì gan-an níhìn-ín, torí Ọ̀ṣun kò ní kóòtù Ṣẹ́ríà ti ìjọba. Abala 275 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fàyè gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣẹ́ríà, ṣùgbọ́n kò kàn án nípá fún ìpínlẹ̀ kankan. Bí ọ̀rọ̀ yín bá dé kóòtù, adájọ́ lè sọ pé jíjẹ́ Mùsùlùmí nìkan kò tó, pé ọmọ Yorùbá ni olóògbé, àṣà Yorùbá ló dé e.

Ìgbìmọ̀ Ṣẹ́ríà olómìnira tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní àwọn ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ariwo wọn gba ìlú kan ní oṣù kìíní 2025 nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, agbára tí ẹ bá fún wọn ni wọ́n ní. Wọn kò lè ránṣẹ́ ọlọ́pàá sí ẹnikẹ́ni, wọn kò lè fi ẹnikẹ́ni sátìmọ́lé. Wọ́n wúlò púpọ̀ fún ẹbí tó bá ti gbà láti gbọ́ tiwọn. Fún ẹbí tí kò gbà, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni òkú fi sílẹ̀ gan-an?

Ẹ mú ìwé, kí ẹ pín in sí ojú mẹ́ta: tirẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀, a ò tíì mọ̀.

Ilé tó dá kọ́ sí Òkè-Báálẹ̀, tirẹ̀ ni. Yàrá tó ń sùn ní agbo ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà-Ọba, ti ẹbí ni. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìpín tó kàn án nínú ogún bàbá rẹ̀ lọ, bí wọn kò bá sì tíì pín ogún ọ̀hún rí, iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn yín: ẹ kọ́kọ́ pín ti bàbá àgbà, kí ẹ tó pín ti ọmọ. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ogún tó ti wà nílẹ̀ fún ogójì ọdún máa ń ní ajogún tó lé ní ọgọ́ta.

Fírísà, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ní Ìgbọ̀nà, tirẹ̀ ni obìnrin náà, kò sí ti ọkọ níbẹ̀ àyàfi bí ẹ̀rí bá wà pé ọkọ ló fi owó ṣòwò sí i. Bí ìyàwó bá dá owó sí ilé tí wọ́n jọ kọ́, kí ó mú ẹ̀rí wá nísinsìnyí: rìsíìtì sìmẹ́ǹtì, ìwé báńkì, birikìlà tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. A ó yọ owó rẹ̀ kí a tó pín, yóò sì tún gba ìpín opó rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé owó tó wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àjọ tí kò tíì kó, owó tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, àti owó tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ní ti next of kin tó kọ sí báńkì, ẹni tí wọ́n máa kàn sí ni. Kò di olówó. Orúkọ àbúrò ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kọ síbẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì gbéyàwó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ni ajogún?

Níbi tí yìgì àti ìkọ̀sílẹ̀ ti ń wọ inú ọ̀rọ̀ ogún rèé, kò sì sí ibi tó le tó o.

Ìyàwó tí a so yìgì rẹ̀ tí a kò sì kọ̀ sílẹ̀, ajogún ni, bó ti wù kó pẹ́ tó tó ti kúrò nílé. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: obìnrin kan kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sí ẹni tó sọ pé òun kọ̀ ọ́, kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ fìdáù, ó wọlé pẹ̀lú ìborùn funfun, ó jókòó sáàárín àwọn opó. Àwọn orogún rẹ̀ lè máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ ti kọ̀ ọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Súrà At-Talaki, áyà 2, pàṣẹ pé kí olódodo méjì jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá wá ẹlẹ́rìí, gbèsè ló ń kó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ọkọ bá ti kọ ìyàwó ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tó sì kú kí ìdà obìnrin náà, ìyẹn ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, nǹkan oṣù mẹ́ta, tó pé, ajogún ṣì ni, torí ọkọ ṣì lágbára láti dá a padà. Bó bá kú lẹ́yìn tí ìdà pé, kò jogún mọ́. Ẹni tó kọ aya rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tàbí tí obìnrin dá sàdáàkì padà láti gba òmìnira ara rẹ̀, ìjogún ti pin láàárín wọn. Àfi ti èyí: ọkùnrin tó wà lórí àìsàn tó pa á, tó kọ ìyàwó kí ó má baà jogún òun. Ọ̀nà Málíkì kò gbà fún un, obìnrin náà yóò jogún rẹ̀, kódà bí ìdà rẹ̀ ti pé.

Ní ti ọmọ, ti inú yìgì kò ní wàhálà. Ọmọ inú oyún náà ń jogún. Ẹ dúró kí ìyá rẹ̀ bí i, tàbí kí ẹ ya ìpín rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ tí a gbà tọ́ kì í jogún, bó ti wù kí a fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò ní yìgì láàárín ara wọn ń jogún ìyá, kì í jogún bàbá ní ti Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n abala 42(2) nínú ìwé òfin ti 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi nǹkan dù ú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba kóòtù ìjọba lọ, apá yín lè má ká a. Ẹ pè é jókòó kí ó tó pè yín lẹ́jọ́, kí àwọn ajogún fi ọwọ́ ara wọn yọ nǹkan fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń dun àwọn ará Òṣogbo ni ti ẹ̀sìn. Nínú ilé kan ṣoṣo ní Ayétòrò, ẹ ó rí Alájì, ẹ ó rí Díákónì, ẹ ó rí ẹni tó ń tẹ̀lé Arugbá lọ sódò Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sọ pé Mùsùlùmí kì í jogún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà kì í jogún Mùsùlùmí. Ọmọ tó ti di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti ìyàwó tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kò sí nínú ìṣirò. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn ni wàsíyà, ìyẹn ohun tí ènìyàn pàṣẹ pé kí wọ́n fún ẹnìkan lẹ́yìn ikú òun, tàbí ẹ̀bùn, ìgbà tí bàbá wà láàyè ni yóò sì ti ṣe é. Bí kò bá ṣe é, kí ẹ̀yin ajogún ro àkóbá rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lé ẹ̀gbọ́n yín jáde lófo.

Ọmọ-ọmọ náà wà níbẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá kú ṣáájú bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jogún bàbá àgbà níwọ̀n ìgbà tí arákùnrin bàbá wọn ṣì wà láàyè. Àṣà Yorùbá á ní kí wọ́n dúró sí ipò bàbá wọn. Ìsìláàmù kò sọ bẹ́ẹ̀. Wàsíyà ni oògùn rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa olóògbé kì í jogún rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbèsè, lẹ́yìn náà wàsíyà

Ẹ kéde nínú mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà pé kí ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ olóògbé jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rí, kí ẹ sì dá ọjọ́ kan. Sàdáàkì tí kò tíì san fún ìyàwó, gbèsè ni. Owó tó yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbèsè ni. Owó oníbàárà tó ti san kalẹ̀ fún aṣọ tí kò tíì rán, gbèsè ni.

Ohun tó bá kù ni a ó wo wàsíyà rẹ̀ nínú. Kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kò sì gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tó ti jẹ́ ajogún, àyàfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tí bàbá bá kọ ọ́ pé kí wọ́n fún mọ́ṣáláṣí ní ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò kọjá.

Ẹ̀bùn tí bàbá ṣe lójú ayé ńkọ́? Ọ̀nà Málíkì béèrè pé kí ẹni tí a fún ti gba nǹkan náà sọ́wọ́ kí olùfúnni tó kú tàbí kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn ikú. Bàbá tó sọ níbi ọdún Iléyá pé «ilé yìí, ti Rukayat ni», tó sì ń gbé inú ilé náà, tó ń gba owó háyà rẹ̀ títí ó fi kú, kò tíì fún Rukayat ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣirò

Áyà 11, 12 àti 176 nínú Súrà An-Nisá ló gbé gbogbo rẹ̀. Ìyàwó: ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá lọ́mọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá lọ́mọ, bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, wọn á jọ pín in ni. Ọkọ: ìdá kan nínú mẹ́rin bí ìyàwó bá lọ́mọ, ìdajì bí kò bá lọ́mọ. Ìyá: ìdá kan nínú mẹ́fà bí ọmọ bá wà tàbí bí olóògbé bá ní arákùnrin tàbí arábìnrin méjì sókè, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta. Bàbá: ìdá kan nínú mẹ́fà bí ọmọkùnrin bá wà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo: ìdajì. Ọmọbìnrin méjì sókè láìsí ọmọkùnrin: ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ọmọkùnrin bá wà pẹ̀lú wọn, wọn á jọ kó èyí tó ṣẹ́ kù, ọkùnrin ìpín méjì, obìnrin ìpín kan.

Ó yá, ẹ padà sí bàbá Òkè-Báálẹ̀. Ẹ gé dúkìá sí 24, torí 8 àti 6 jọ wọ inú rẹ̀ láìṣẹ́kù. Àwọn ìyàwó gba 3, ìyá gba 4, ó ku 17 fún àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta jẹ́ ìpín mẹ́fà, ọmọbìnrin méjì jẹ́ ìpín méjì, àpapọ̀ jẹ́ 8. 17 kò ṣeé fi 8 pín láìṣẹ́kù, nítorí náà ẹ fi 8 sọ 24 di púpọ̀: 192. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan 12, ìyá 32, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 34, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 17. Ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ rí i pé 192 ni. ₦19,200,000 tí a bá pín sí 192, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦100,000. Ibẹ̀ ni iye tí mo kọ lókè ti wá.

Kí ẹ kọ 192 yẹn sílẹ̀, kí ẹ má kọ náírà nìkan. Náírà á yí padà lọ́la, 34 nínú 192 kò ní í yí.

Bí kò bá sí ọmọkùnrin, tí bàbá olóògbé náà kò sì sí láàyè, àwọn arákùnrin olóògbé máa ń wọlé. Ọkùnrin tó fi ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì àti arákùnrin kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá sílẹ̀: nínú 24, àwọn ọmọ gba 16, ìyàwó 3, arákùnrin 5. Ẹlòmíì á ka 5 yẹn sí ìrẹ́jẹ, ẹlòmíì á rántí pé arákùnrin náà ni ẹ̀sìn gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ náà lé lọ́rùn bí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Ẹ rán an létí.

Nígbà mìíràn, ìpín á ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Obìnrin kú, kò bímọ, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ, ó fi ọkọ àti arábìnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá sílẹ̀. Ọkọ ní ìdajì, àwọn arábìnrin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta: 3 nínú 6 àti 4 nínú 6, ó ti di 7. A ó pín gbogbo rẹ̀ sí 7, ọkọ á gba 3, wọn á gba 2, 2. Kálukú dín díẹ̀, kò sí ẹni tó jáde lófo.

Ìgbésẹ̀ keje: ilé tí kò ṣeé gé, owó tí báńkì mú dání

Ẹ pe ẹni tó mọ iye ilé láti wá díye lé e. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ tà á, kí ẹ pín owó. Tàbí kí ajogún kan ra ìpín àwọn yòókù ní iye ọjà, kì í ṣe ní iye ẹ̀gbọ́n. Tàbí kí ẹ fi háyà, kí ẹ máa pín owó háyà. Bí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé bá ń mú ₦960,000 wọlé lọ́dún, ẹyọ kan nínú 192 jẹ́ ₦5,000: opó kọ̀ọ̀kan ₦60,000, ìyá àgbà ₦160,000, ọmọkùnrin ₦170,000, ọmọbìnrin ₦85,000. Ẹ yọ owó àtúnṣe kí ẹ tó pín. Ọ̀nà kẹta yìí dára fún ọdún méjì, mẹ́ta. Bó bá kọjá ìyẹn, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní onílé.

Wọ́n á sọ fún àwọn obìnrin pé «ẹ fi sílẹ̀ fún bùrọ̀dá yín, ẹ ti nílé ọkọ». Obìnrin lè fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, bó bá ti mọ iye tó jẹ́, tó ti di tirẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń wò ó lójú kọ̀rọ̀. Kí ó gbà á sọ́wọ́ ná. Bó bá wù ú lẹ́yìn oṣù kan, kí ó dá a padà.

Báńkì kò ní í gba ìwé ààfáà. Kóòtù Gíga ni ẹ ó ti gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá òkú, ní ẹ̀ka probate wọn níbí ní Òṣogbo. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì, ìwé ìdánimọ̀ àwọn tí ẹ yàn, àti àwọn onídùúró. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìdí kan ṣoṣo ló ní orúkọ nínú ìwé náà: kí ọ̀kan jáde láti ọ̀dọ̀ ìyálé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré. Olùtọ́jú ni wọ́n, wọn kì í ṣe olówó. Ìwé àdéhùn ìgbésẹ̀ kejì ni ẹ ó fi dè wọ́n láti pín owó náà bó ṣe yẹ. Ìpín ọmọdé, ẹ ṣí àkáǹtì sí orúkọ rẹ̀, kí ènìyàn méjì jọ máa fọwọ́ sí i.

Fún ẹni tó ṣì wà láàyè

Tó bá jẹ́ yìgì nìkan lẹ ṣe, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí: orúkọ wálìyì tó fa ìyàwó fún ọkọ, orúkọ ẹlẹ́rìí méjì, iye sàdáàkì, èyí tí ẹ san àti èyí tó kù. Kóòtù ìbílẹ̀ lè tú irú ìgbéyàwó yìí ká. Tó bá jẹ́ pé ẹ tún lọ sí registry láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí ẹ tó wá so yìgì ní ọ̀sán, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: Kóòtù Gíga nìkan ló lè tú u, kò sì sí àyè láti fẹ́ ìyàwó kejì lábẹ́ òfin yẹn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin tí ìpínlẹ̀ wa jogún láti ọ̀dọ̀ Western Region ti 1959 ni wọ́n lè fi pín ogún rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta fún ìyàwó, ìdá méjì fún àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya lo registry nítorí fíísà, wọn kò mọ̀ pé ogún ni wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà.

Ìwé ìhágún ló ń tún un ṣe. Kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi pín dúkìá rẹ, kọ orúkọ ẹni tí ìdá kan nínú mẹ́ta wà fún, ọmọ-ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tí o gbà tọ́. Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí o bá ń buwọ́ lù ú, kí wọ́n tó buwọ́ lu tiwọn, kí ọ̀kankan nínú wọn má sì jẹ́ ẹni tí ìwé náà fún ní nǹkan, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá kọ ìyàwó rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ọjọ́ oṣù, bóyá ìkíní ni tàbí ìkejì, orúkọ ẹlẹ́rìí. Bó bá dá a padà, kí ó kọ ìyẹn náà. Ẹ̀dà kan fún obìnrin, ẹ̀dà kan fún Lèmọ́mù àdúgbò, ọ̀kan sínú àpò ìwé ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì mọ ibi tí àpò náà wà, kí wọ́n jẹ́ ti ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.